ADHD lára àgbàlagbà ní ilẹ̀ Òkun: ẹlẹ́rìí ni dókítà ń wá

Láti bí ọdún mélòó kan ni orúkọ àìsàn kan tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ rí ti ń wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ìdílé wa ní ilẹ̀ Òkun, ìwọ̀-oòrùn Kogi, láti Kabba títí dé Ẹ̀gbẹ̀: ADHD, àìsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè darí ibi tí ọkàn rẹ̀ ń lọ tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́. Bó ṣe ń wọlé jọra. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Manchester tàbí Houston lọ rí dókítà nítorí pé iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ohun tó ti ń ṣe é láti kékeré nìyí, wọ́n sì fún un lóògùn. Kò pẹ́ tó fi fídíò ránṣẹ́ sílé: "Ẹ wo èyí o, ṣé àbúrò wa kọ́ nìyí?" Àbúrò tó wà ní Ìsánlú wò ó, ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ìbéèrè tó wá béèrè ni ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn nínú ẹgbẹ́ náà: níbo lèmi náà ti máa ṣe àyẹ̀wò?

Lókè òkun, ọ̀rọ̀ náà ti di ariwo. Àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn fún ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé ní 2023, mílíọ̀nù 15.5 àgbàlagbà ni dókítà ti sọ fún pé wọ́n ní ADHD, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 18 tàbí tí wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n tó mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń dúró de àyẹ̀wò pọ̀ débi pé NHS England, àjọ ìlera ìjọba níbẹ̀, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024. Oògùn pàápàá wọ́n: oṣù kẹwàá 2022 ni àjọ FDA tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà kéde pé Adderall, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń lò jù, kò kárí mọ́. Ibi jíjìn ni àwa ti ń gbọ́ ariwo yìí, ó sì ti lọ́ díẹ̀ kó tó dé etí wa. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé sórí èèyàn. Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni. Àwọn mìíràn ti wo fídíò ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ti dá ara wọn lẹ́jọ́.

Nǹkan náà kì í ṣe tuntun. Ní 1902, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ George Still ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àwọn ọmọ tí orí wọn pé, tí wọn kò sì lè kó ara wọn níjàánu. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn oníṣègùn fi gbà pé àìsàn ọmọdé ni, pé bí ọmọ bá ti dàgbà yóò bọ́ lára rẹ̀. Ó ń bọ́ lára àwọn kan. Lára àwọn mìíràn, sísá kiri nìkan ló ń lọ. Ẹni náà á lè jókòó, inú rẹ̀ ni kò ní jókòó. Àwọn olùwádìí tó kó iṣẹ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pọ̀ ní 2021 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 2.6% àgbàlagbà láyé ló ṣì ní in láti ìgbà ọmọdé. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn olùwádìí méjì, Adewuya àti Famuyiwa, gbé ìwádìí kan jáde ní 2007 lórí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rí i lára 8.7% wọn. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti di ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún báyìí. Wọ́n wà láàárín wa, wọ́n ń gun ọ̀kadà, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní girama, wọ́n ń wá iṣẹ́ ìjọba kiri.

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú nípa ADHD ni pé ẹni tó ní in lè fọkàn sí nǹkan dáadáa. Ó lè tú jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú láìrántí oúnjẹ, bí jẹnẹrétọ̀ náà bá ti wù ú. Ẹ wá ní kó kún fọ́ọ̀mù ojú ìwé méjì, yóò gbé e kalẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ kò ká ibi tí ọkàn rẹ̀ ń lọ, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nítorí náà ni ilé fi ń pè é ní ọ̀lẹ: "Ṣebí ó ń ṣe é nígbà tó bá wù ú!" Òótọ́ ni, nígbà tó bá wù ú ló ń ṣe é. Wọ́n tún ń pè é ní aláìbìkítà, oníwàdùwàdù, ẹni tí kì í parí nǹkan. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó mọ̀wé gan-an tó wá já kúrò ní yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní emèrè ni, tàbí pé àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ló dì í mú. Ilẹ̀ Òkun fẹ́ràn ìwé. Kò sí abúlé wa kan tí kò ní pùròfẹ́sọ̀ tó fi ń yangàn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó gbọ́n tí kò wá gba ìwé ẹ̀rí fi máa ń dun ìdílé tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì máa ń wá ẹni tó ṣe é.

Báwo wá ni dókítà ṣe ń mọ̀? Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un. Kò sí fọ́tò ọpọlọ tó lè fi í hàn. Bí ilé àyẹ̀wò kan bá ní kí ẹ mú owó ńlá wá kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo orí yín bóyá ADHD ni, ẹ pa owó yín mọ́. Ìwé DSM-5 tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, tí ọ̀pọ̀ dókítà wa náà ń lò, to àmì 18 lẹ́sẹẹsẹ: mẹ́sàn-án jẹ mọ́ àìlèfọkànsí, mẹ́sàn-án jẹ mọ́ àìlèjókòó-jẹ́ẹ́ àti ṣíṣe nǹkan láìrò ó. Ọmọdé gbọ́dọ̀ ní mẹ́fà nínú apá kan, ẹni ọdún 17 sókè gbọ́dọ̀ ní márùn-ún. Àjọ WHO náà ní ìwé ìbéèrè kan fún àgbàlagbà, ASRS, ìbéèrè 18 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n sì fi ń yẹ èèyàn wò ní ṣókí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ti ń rí i, wọ́n á dáhùn rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀. Kò tíì yá. Iṣẹ́ ìwé náà ni láti sọ pé ó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà, ibẹ̀ ló parí sí.

Torí àwọn àmì yẹn wà lára gbogbo wa lọ́jọ́ kan. Ta ni kì í gbàgbé kọ́kọ́rọ́? Ohun tó ya ADHD sọ́tọ̀ ni àwọn nǹkan tó yí àmì wọ̀nyí ká: wọ́n gbọ́dọ̀ ti wà kí ẹni náà tó pé ọmọ ọdún 12, wọ́n gbọ́dọ̀ máa hàn níbi tó ju ẹyọ kan lọ, bí ilé àti ibi iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ máa ba ayé ẹni náà jẹ́ ní tòótọ́, kò sì gbọdọ̀ sí àìsàn mìíràn tó lè ṣàlàyé wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí gbàgbé-gbàgbé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọdún 35, ADHD kọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ ìbànújẹ́ ọkàn tàbí àìsùn. Ó lè jẹ́ gẹ̀gẹ̀ tó ń da ara láàmú láti inú, tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀, ọtí, igbó. Ó lè jẹ́ orí tó fi gbálẹ̀ nígbà tó ṣubú lórí ọ̀kadà. Dókítà tó bá mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wá gbogbo ìyẹn.

"Kó tó pé ọmọ ọdún 12" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Ta ló máa jẹ́rìí? Ìwọ fúnra rẹ kò lè rántí bó o ṣe rí lọ́mọ ọdún méje. Nínú ohun tí mo rí nínú ọ̀ràn yìí, ibí nìkan ni ẹni tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Kogi ti sàn ju ẹni tó wà ní Manchester lọ. Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní Ìyàrà. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ti fẹ̀yìn tì sí Mọ̀pà, ó sì ń rántí gbogbo ọmọ tó kọ́. Ìwé èsì ìdánwò ìgbà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun àti ìwé ìrìbọmi: "Ọmọ yìí fẹ́ràn eré jù", "Ó lè ṣe ju báyìí lọ", lọ́dọọdún, lọ́wọ́ olùkọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe jó o níná. Ẹ̀rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ bi ìyá yín pé, "Màmá, ṣé nǹkan kan ṣe ọpọlọ mi nígbà tí mo wà ní kékeré?", ẹ ti ba ẹ̀rí náà jẹ́. Kò sí ìyá tó máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ọmọ nílé wa, wọ́n máa ń ṣe ìwádìí bóyá àrùn ọpọlọ wà nídìí ìdílé. Òun kọ́ ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ́. Ìbéèrè tó ń tú àpò ni: "Màmá, kí lẹ máa ń nà mí fún?" Ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà ló máa wá kà á: bàtà tó sọnù, ṣéńjì tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ìkòkò ẹ̀wà tó jóná, ìjọ tí kò lè jókòó sí, ewúrẹ́ tí wọ́n ní kó so tí òjò fi pa, kẹrosíìnì tí wọ́n rán an lọ rà tí wọ́n wá bá a lẹ́yìn egúngún ní òpin ìlú kejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ tún bi ẹ̀gbọ́n obìnrin, torí ẹ̀gbọ́n obìnrin ló máa ń wẹ̀ fún ọmọ, tó sì ń gbà á lẹ́nu ìyà. Kódà bí ìyá kò bá lè rìnrìn àjò, dókítà lè pè é lórí fóònù. Yàgbà tàbí Owé ló máa fi sọ ọ́. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ní Ìlọrin á gbọ́ ọ, bó bá fara balẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí dókítà mọ̀ nípa wa. Ọ̀pọ̀ wa kò dàgbà sọ́dọ̀ ìyá tó bí wa. Wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tó jẹ́ tíṣà, sí ilé ìwé tí a ti ń gbé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, agogo ló ń jí ọmọ, pàṣán ló ń rán an létí, àwọn ọmọ mìíràn ló sì ń ṣáájú rẹ̀ lọ síbi gbogbo. Nǹkan lè má hàn rárá. Ìgbà tó bá dé yunifásítì, tí kò sí ẹni tó ń ji í, ni ilé yóò wó. Tàwọn obìnrin tún pamọ́ jù bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ní irú èyí kì í sábà gun igi kiri. Ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ni, ọkàn rẹ̀ ti rin ìrìn àjò. Abẹ́ ojú ìyá ló ti ń ṣiṣẹ́ ilé, nítorí náà iṣẹ́ náà ń ṣe. Ìgbà tó bá dé ilé ọkọ, tí oúnjẹ, ọmọ, ọjà àti owó bá di ọwọ́ òun nìkan, ni wọ́n á máa ní kò mọ ilé tọ́jú.

Ó ku ibi tí èèyàn máa lọ. Wọ́n sábà máa ń sọ pé àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò tó 300, fún àwa èèyàn tó ju 200 mílíọ̀nù lọ, ìlú ńlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ẹni tó wà ní Kabba tàbí Bùnú lè gba Lọ́kọ́jà lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ sún mọ́ Ìlọrin ju Lọ́kọ́jà lọ, ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ sì wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà níbẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí UITH. Àwọn ará Ìjùmú tó wà lẹ́bàá Ọmùò lè yà sí Adó-Èkìtì. Ìbàdàn náà wà, àti Aró ní Abẹ́òkúta, tó ti wà láti 1954. Mo mọ̀ pé bí a bá dárúkọ Aró báyìí, ọkàn ẹlòmíràn á fò lọ sọ́dọ̀ wèrè ìta ọjà. Ẹ̀ka tí èèyàn ti ń lọ rí dókítà, tó sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà, wà níbẹ̀ o. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀nà, nítorí kòtò àti nítorí ajínigbé. Ẹni tó bá máa lọ, kó gbéra lówùúrọ̀, kó sì ti ní ìwé lọ́wọ́. Dókítà gbogboogbò ní ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, tàbí ti ìjọba tó bá sún mọ́ yín, lè kọ lẹ́tà tó máa fi yín ránṣẹ́, ó sì lè ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ọkàn ṣe ń lù, àti bí ẹ ṣe wúwo tó. Gbogbo rẹ̀ ni dókítà ọpọlọ máa béèrè kó tó fọwọ́ kan oògùn.

Oògùn wá ni orí fífọ́ gidi. Èyí tí ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lágbára jù, pẹ̀lú àwọn tó wá láti ìdílé amphetamine, oògùn tó ń ta ọpọlọ jí, ni methylphenidate. Leandro Panizzon ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1944 ní ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland. Rita ni wọ́n ń fi pe ìyàwó rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ Ritalin ti wá. Kì í pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, láàárín wákàtí kan ni. Ó ń mú kí àwọn èròjà dopamine àti noradrenaline pọ̀ sí i níbi tí ọpọlọ ti ń darí ara rẹ̀. Ó lè pa ebi mọ́ èèyàn nínú, ó lè lé oorun lọ, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, tí wọ́n ń fi kún un pẹ̀lú ìṣọ́ra.

Wàyí o, òfin àgbáyé ti 1971 lórí oògùn tó ń kan ọpọlọ fi òun àti amphetamine sí ìsọ̀rí kejì, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ oògùn lójú méjèèjì. NAFDAC ń ṣọ́ bó ṣe ń wọlé, NDLEA ń ṣọ́ ẹni tó bá gbé e kiri. Àjọ WHO pàápàá kọ̀ láti fi methylphenidate sínú àkójọ oògùn pàtàkì rẹ̀ ní 2019 àti ní 2021. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀rí tó wà kò tíì tó. Lójú tèmi, ìpinnu yẹn ni ó jẹ́ kó rọrùn fún ìjọba tí kò lówó láti gbójú kúrò. Ẹ kò ní rí i ní kẹ́mísí Kabba. Ní ìlú ńlá náà, ó wọ́n, ó sì máa ń tán. Àwọn kan ti wá rọ́gbọ́n sí i: ẹ̀gbọ́n òkè òkun ń fi tirẹ̀ rán ẹni tó ń bọ̀ wálé Kérésì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Ìwọ̀n tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n kọ́ ni tiyín, ẹni tó sì gbé e wọlé láìní ìwé dókítà lórúkọ ara rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn agbófinró ní pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Atomoxetine wà, tí FDA fọwọ́ sí ní 2002. Òun kò sí nínú ìsọ̀rí tí wọ́n ń ṣọ́ yẹn, nítorí náà ó rọrùn fún dókítà láti kọ ọ́. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó hàn lára. Ọ̀pọ̀ ló ń jù ú nù ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kò ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà kan á tún ronú nípa oògùn ìbànújẹ́ ọkàn àtijọ́ bíi imipramine, torí ó wà, kò sì gbówó lórí. Ẹ̀rí rẹ̀ kò tó ti methylphenidate, bí èèyàn bá sì lò ó jù, ó lè dá ọkàn dúró. Ẹ má lọ rà á fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tí gbogbo wa mọ̀ tí a kì í sọ. Ìwádìí tí UNODC, ẹ̀ka Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró, àti àjọ ìṣirò Nàìjíríà gbé jáde sọ pé 14.4% àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún tó ṣáájú ìwádìí náà. Tramadol ti di oúnjẹ àárọ̀ fún àwọn kan ní gáréèjì. Oògùn ìrora ni, láti inú ìdílé ọ̀pìọ́mù. Kò kan ADHD níbì kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ADHD tí kò mọ̀ máa ń wá ohun tó máa mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ìwádìí láti ọ̀pọ̀ ibi sì ti fi hàn pé irú wọn ń kó sínú oògùn olóró ju àwọn yòókù lọ. Kódà àwọn àgbà tó ń jẹ obì láti ìdájí kí ojú wọn tó dá, káfíìnì ni wọ́n ń wá. Obì kò lágbára tó o, ṣùgbọ́n òun kò ba ilé ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ìtọ́jú tí kì í ṣe oògùn náà wà. Ọ̀nà ìsọ̀rọ̀-ṣàtúnṣe tí wọ́n ń pè ní CBT, tí wọ́n tún ṣe fún àgbàlagbà tó ní ADHD, ń ṣèrànwọ́, pàápàá bí wọ́n bá lò ó mọ́ oògùn. Àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ kò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀: kí ohun tó yẹ kí èèyàn rántí wà lóde orí rẹ̀, kí iṣẹ́ ńlá di kékeré-kékeré, kí ẹlòmíràn wà nítòsí nígbà iṣẹ́. Àwọn òyìnbó ń jókòó sórí fídíò pẹ̀lú ẹni tí wọn kò mọ̀ rí kí wọ́n lè parí iṣẹ́ wọn. Àáró ni àwa ń pe ìyẹn lóko: ẹni tí kò lè ro ebè mẹ́wàá lóun nìkan á ro ọgọ́rùn-ún láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ tí kò lè máàkì ìwé nílé, kó kó o lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀, kó jẹ́ kí alájọ gbà á kó tó délé. Fóònù tó ń ké pé "gáàsì wà lórí iná" kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ní ti òfin, títí di oṣù kìíní 2023 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, òfin tí wọ́n mú wá láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ti 1916, tí wọ́n tún gbé kalẹ̀ ní 1958, ni a ṣì ń lò. Èyí tuntun ní kí wọ́n má fi àìsàn ọpọlọ dá ẹnikẹ́ni dúró níbi iṣẹ́ tàbí níbi ilé gbígbé. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ó kéré tán, ẹni tó bá gba lẹ́tà dókítà ní ohun tó lè dì mú.

Bí wọ́n bá ti rí i lára yín, ẹ fojú sí àwọn ọmọ yín. Nǹkan bí 74% nínú ohun tó ń fa ìyàtọ̀ láàárín èèyàn kan àti ìkejì nínú ADHD ló jẹ́ ti àbínibí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwádìí ìbejì ṣe fi hàn. Ọmọ tí tíṣà ń nà ní Praimárì Kẹrin nítorí bírò tó ń sọ nù lójoojúmọ́ lè máa rìn lọ́nà tí bàbá rẹ̀ rìn. Ẹ sọ fún tíṣà náà kó gbé e wá síwájú, kó máa fún un ní iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹni tó ń lo oògùn gbọ́dọ̀ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti bí ọkàn ṣe ń lù nígbàkigbà tí wọ́n bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, lẹ́yìn náà lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ìlànà 2018 ti NICE, àjọ tó ń fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà ìtọ́jú, fi kún un pé kí dókítà tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìlera Ìsánlú tàbí Ẹ̀kìnrìn-Àdé lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ ọ́ sínú káàdì, kí ẹ ya fọ́tò káàdì náà ránṣẹ́ sí dókítà bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀, torí òun ló máa dín iye ìgbà tí ẹ máa wà lójú ọ̀nà Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́jà kù.